Bí Awò Kékeré Ṣe Ń Ya Àwòrán Agbo Ìràwọ̀ M51

Ní ọdún 1845, ní Birr ní ilẹ̀ Ireland, William Parsons, ọlọ́lá ọmọ ọlọ́lá tí ayé mọ̀ sí Lord Rosse, fojú sí awò awọ̀nàjíjìn tí dígí inú rẹ̀ fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 6, èyí tí kò lẹ́gbẹ́ ní gbogbo ayé nígbà náà, ó sì fi ọwọ́ ya ohun tí ó rí: agbo ìràwọ̀ tí apá rẹ̀ lọ́ yíká àárín rẹ̀. Agbo yìí, tí Charles Messier ará Faransé ti kọ́kọ́ rí ní 1773, tí a ń pè ní M51, ni ẹni tí ìràwọ̀ wíwò kì í ṣe iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀, tí dígí awò rẹ̀ kò ju ínǹṣì 8 lọ, ń yà lónìí láti ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, pẹ̀lú àwọ̀ tí Rosse kò lè rí. Báwo ni ọwọ́ ọmọdé ṣe wá tó pẹpẹ?

Ojú ènìyàn kì í kó ìmọ́lẹ̀ jọ; kámẹ́rà ni í kó o jọ. Ìmọ́lẹ̀ M51 ti rìn fún ohun tí ó lé ní mílíọ̀nù 20 ọdún kí ó tó kàn wá, ìwọ̀nba táṣẹ́rẹ́ ni ó sì ń dé. Ṣùgbọ́n kámẹ́rà, bí ìkòkò tí a gbé sábẹ́ ọ̀sọ̀ọ̀rọ̀ òjò, kì í da èyí tí ó ti gbà nù.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ayé ń yí, tí sánmà fi dàbí èyí tí ń fi dígírì 15 yí ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, tó bẹ́ẹ̀ tí awò tí ó dúró sójú kan yóò fa ìràwọ̀ gùn gbọọrọ. Nítorí náà ni a ṣe ń gbé awò ka orí ìdúró onímọ́tò, tí a kọ orí rẹ̀ sí ẹ̀bá ìràwọ̀ àríwá, kí ó lè máa bá sánmà yí.

Àgbájọ ọwọ́ la sì fi ń sọ̀yà: ọ̀pọ̀ àwòrán oníṣẹ́jú díẹ̀díẹ̀ ni a ń yà, tí kọ̀ǹpútà ń tò lé ara wọn. Ìmọ́lẹ̀ agbo náà ń bọ́ sójú kan nínú gbogbo wọn, ṣùgbọ́n ìdọ̀tí inú àwòrán ń bọ́ síhìn-ín sọ́hùn-ún. Nítorí náà àwòrán 4 mọ́ ní ìlọ́po 2 ju ẹyọ kan lọ, 100 sì mọ́ ní ìlọ́po 10. A tún ń ya àwọn mìíràn nígbà tí a bo ojú awò, kí á lè yọ ohun tí ooru kámẹ́rà fi kún un. Òṣùpá àti iná ìlú lè sọ iṣẹ́ òru kan di òfo. Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké.

Nígbà tí ó bá parí, pupa yóò fi gáàsì haidrojín hàn níbi tí ìràwọ̀ ti ń jẹyọ, búlúù yóò fi àwọn èwe ìràwọ̀ gbígbóná hàn, àárín tí ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ yóò sì jẹ́ ti àwọn àgbà.

Èyí kì í ṣe eré lásán. Ní ìparí oṣù Karùn-ún ọdún 2011, nígbà tí ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ kan tí ó bú gbàmù nínú M51 kàn wá, àwọn tí ń ya àwòrán sánmà láti ẹ̀yìnkùlé wọn wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ rí i. Awò ńláńlá kò pọ̀, wákàtí wọn sì ti ní olówó. Àwọn kékeré ni ó pọ̀ tó láti máa ṣọ́ sánmà lóròòru.