Iyọ̀ Tí Odò Náílì Ń Fọ̀

Ní sẹ́mínà wa, mo ṣàlàyé dáadáa pé ẹrẹ̀ tí odò Náílì ń gbé wá ló sọ aṣálẹ̀ Íjíbítì di ilẹ̀ ọlọ́ràá. Olùkọ́ kan wá bi mí pé, "Iyọ̀ ńkọ́?" Mo dákẹ́.

Ẹ jẹ́ ká ti orí òkè bẹ̀rẹ̀. Láti oṣù kẹfà sí ìkẹsàn-án, òjò a máa rọ̀ gan-an lórí òkè Etiópíà, a sì gbá erùpẹ̀ wọ odò. Láyé àtijọ́, omi yìí á kún bo oko ní Íjíbítì. Àwọn àgbẹ̀ á fi ògiri erùpẹ̀ sé e mọ́bẹ̀ fún bí ọjọ́ 40, wọ́n á wá tú u padà sódò. Ẹ ti rí ògì tí wọ́n sẹ́, àbí? Omi á tòrò lókè, ògì á wà nísàlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ẹrẹ̀ náà ń ṣe. Tọdún kan ò ju bíi mìlímítà 1 lọ, àmọ́ ní ọdún 1,000, ó ti di mítà 1 nìyẹn!

Ó wá ku iyọ̀. Gbogbo omi odò ló ní iyọ̀ díẹ̀, ahọ́n wa ni kò mọ̀ ọ́n. Oòrùn aṣálẹ̀ á fa omi lọ, iyọ̀ á ṣẹ́ kù, bíi funfun tó ń lẹ̀ mọ́ ìdí kẹ́tùlù. Òjò Cairo ò ju bíi mìlímítà 25 lọ́dún, kò lè fọ̀ ọ́. Omi tó dúró lóko yẹn ló ń yọ́ ọ, tó ń gbé e kọjá gbòǹgbò lọ sísàlẹ̀. Nígbà tí odò bá wá fà, omi abẹ́ ilẹ̀ á bá a fà, ilẹ̀ á gbẹ, á lanu, afẹ́fẹ́ á wọlé. Lójú tèmi, fífà yìí ṣe pàtàkì tó kíkún, ṣùgbọ́n ta ló ń dárúkọ rẹ̀?

Wọ́n parí dáàmù ńlá Aswan ní 1970. Mi ò bú u o: ó fún wọn níná, ó gbà wọ́n lọ́wọ́ ọ̀dá, wọ́n sì ń gbin nǹkan yípo ọdún. Àmọ́ inú adágún Nasser ni ẹrẹ̀ ń sùn sí báyìí, àgbẹ̀ sì ń ra ajílẹ̀ oníkẹ́míkà. Omi ń wọ oko nígbà gbogbo, ti abẹ́ ilẹ̀ ò ráyè fà mọ́; ó ń gòkè bọ̀, iyọ̀ ń bá a bọ̀. Ìyẹn ló jẹ́ kí wọ́n ri páìpù oníhò sábẹ́ oko káàkiri Delta kí omi oníyọ̀ lè ṣàn jáde. Lápá ibi tó sún mọ́ òkun, ilẹ̀ rẹlẹ̀ débi pé ẹ̀rọ ló ń fa omi ọ̀hún sókè kó tó rọ́nà lọ.