KÁDÀRÁ KÒ PA Ẹ̀TỌ́ RẸ́: OHUN TÓ YẸ KÍ ẸNI TÍ JÀǸBÁ ỌKỌ̀ ṢE MỌ̀

 

Ẹ̀yin ará mi, ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lọ́dún yìí kan ilé púpọ̀ láàárín wa. Ní Àkókó níbí, láti Ìfira dé Ìṣùà, Ọ̀kà, Àkùngbá àti Ìkàrẹ́, òkè àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ló pọ̀ lójú títì wa. A ò tíì gbàgbé ọjọ́ 23 oṣù kìíní ọdún 2021, nígbà tí ọkọ̀ akẹ́rù tó kó sìmẹ́ńtì ya wọ àwọn ṣọ́ọ̀bù nítòsí ẹnu ọ̀nà Yunifásítì Adékúnlé Ajásin ní Àkùngbá, tó sì gba ẹ̀mí àwọn ènìyàn. Bí a bá ti sin òkú tán, tàbí tí a ti to eegun tó ṣẹ́, ohun tí a máa ń sọ ni pé, "Àmúwá Ọlọ́hun ni." Òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ṣé àmúwá Ọlọ́hun pa ẹ̀tọ́ ẹni tó fara pa rẹ́? Kò pa á rẹ́.

Ẹ wo Súratu n-Nisáà, áyà 92. Níbẹ̀ ni Ọlọ́hun ti ṣe ìdájọ́ ẹni tó ṣèèṣì pa onígbàgbọ́ òdodo. Èèṣì ni o, síbẹ̀ Ó pa á láṣẹ pé kí a san dìyà, ìyẹn owó ẹ̀jẹ̀, fún ẹbí òkú, àfi tí àwọn fúnra wọn bá fi ṣe sàráà. Èyí fi hàn pé ẹni tó ni ẹ̀tọ́ ló lè yọ̀ǹda rẹ̀. Àwọn onímọ̀ fíkíhì sì ṣàlàyé pé àgbàlagbà kò lè fi ìpín ọmọ òrukàn tí kò tíì bàlágà tọrẹ. Nítorí náà, bí olórí ẹbí bá dìde ní mọ́ṣáláṣí tó ní "a ti dárí jì wọ́n", ìpín tirẹ̀ nìkan ló yọ̀ǹda. Ta ni yóò wá san owó ilé-ìwé àwọn ọmọ tó kù?

Ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ìjọba kò ní kóòtù Ṣẹ̀ríà tó lè dájọ́ dìyà. Òfin ìlú ló wà fún wa: ẹni tí àìbìkítà rẹ̀ bá ṣe ẹlòmíràn léṣe gbọ́dọ̀ san owó gbà-má-bìínú. Bí awakọ̀ bá wà lẹ́nu iṣẹ́ ọ̀gá rẹ̀, a lè pe òun àti ọ̀gá rẹ̀ lẹ́jọ́ pọ̀. Ẹ má sì da ẹjọ́ méjì pọ̀: ẹjọ́ tí ọlọ́pàá bá awakọ̀ ṣe ọ̀tọ̀, owó tirẹ ọ̀tọ̀. Wọ́n lè ti awakọ̀ mọ́lé kí kọ́bọ̀ má kàn ọ́.

Àwọn àgbà ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Mo mọ̀ pé ẹni tó kọlù wá lè jẹ́ ọmọ ìlú wa, kó tún jẹ́ àna wa. Ìdí nìyí tí òfin fi pọn ìwé adójútòfò, tí a ń pè ní ínṣọ́ránsì, ní dandan fún gbogbo ọkọ̀ láti ayé òfin ọdún 1945. Kì í ṣe ẹni tó wa ọkọ̀ nìkan ló wà fún. Ẹni tí ọkọ̀ náà bá gbá ló wà fún jù. Iléeṣẹ́ adójútòfò ló ń san án, kì í ṣe àpò àna rẹ. Láti oṣù kìíní 2023, 15,000 náírà ni ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ aládàáni lọ́dún. Ní oṣù kejì 2025, ọlọ́pàá bẹ̀rẹ̀ sí yẹ̀ ẹ́ wò lójú títì.

Èyí kò ṣàjèjì sí wa. Láyé Ànábì, àwọn ìbátan apá bàbá ẹni tó ṣèèṣì pànìyàn ló ń jọ dá dìyà náà, kí ó má baà wọ ẹnì kan lọ́rùn. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ò sì balẹ̀ sí ínṣọ́ránsì lè ṣe tàkáfùl. Láti 2013 ni àjọ NAICOM ti gbé ìlànà rẹ̀ jáde.

Báwo ni a ṣe ń ṣe é?

1. Ìtọ́jú ló kọ́kọ́ ṣe pàtàkì. Òfin ìlera ọdún 2014 kò gba ilé ìwòsàn kankan láyè láti lé ẹni tó wà nínú ewu padà. Ẹ tọ́jú gbogbo rìsíìtì, ti oògùn àti ti ọkọ̀ tó gbé yín lọ. Kóòtù kì í dá owó tí a kò fi ẹ̀rí rẹ̀ hàn padà.

2. Kí ẹnì kan fi fóònù ya àwòrán kí wọ́n tó wọ́ ọkọ̀ kúrò. Ẹ kọ nọ́ńbà ọkọ̀, orúkọ awakọ̀, àti nọ́ńbà fóònù àwọn tó ṣojú wọn. Ẹ fi tó ọlọ́pàá létí, kí ẹ sì gba ìwé àbọ̀ ìwádìí wọn.

3. Ẹ kọ̀wé sí ọlọ́kọ̀ àti iléeṣẹ́ adójútòfò rẹ̀. Lẹ́tà ni ọ̀rọ̀ fi ń bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe kóòtù.

4. Ẹ má tẹ̀ka sí ìwé tí ẹ ò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ọlọ́kadà kan ládùúgbò wa kán lẹ́sẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta, wọ́n gbé 50,000 náírà àti ìwé kan wá bá a lórí bẹ́ẹ̀dì. Ìyá rẹ̀ ránṣẹ́ pè mí. Mo ka ìwé náà: ó ní ó ti gba gbogbo ẹ̀tọ́ rẹ̀, kò sì ní béèrè ohunkóhun mọ́ láéláé. Mo ní kí wọ́n dúró de ọ̀rọ̀ dókítà ná. Nígbà tó yá, wọ́n tún ẹsẹ̀ náà ṣe iṣẹ́ abẹ lẹ́ẹ̀kejì.

5. Ẹ má jẹ́ kó pẹ́. Gbogbo ẹjọ́ ló ní gbèdéke. Bó bá jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ló ṣe é lẹ́nu iṣẹ́, oṣù mẹ́ta péré ni òfin fúnni láti pẹjọ́. Bó bá jẹ́ ẹnu iṣẹ́ rẹ tàbí ọ̀nà ibi iṣẹ́ ni jàǹbá ti bá ọ, sọ fún ọ̀gá rẹ láàárín ọjọ́ 14, kí o sì béèrè owó lọ́wọ́ àjọ NSITF kí ọdún kan tó pé, gẹ́gẹ́ bí òfin ọdún 2010 ṣe wí.

6. Bí owó lọ́yà ò bá sí, àjọ Legal Aid Council wà láti 1976. Òfin wọn ti 2011 dárúkọ ẹjọ́ jàǹbá, fún ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kò bá ju owó oṣù tó kéré jù lọ tí ìjọba fọwọ́ sí.

Ẹ̀yin àlùfáà ẹgbẹ́ mi, bí wọ́n bá pè wá síbi òkú jàǹbá, ẹ jẹ́ ká tu ẹbí nínú, ká sì tún bi wọ́n pé, "Ta ló mú nọ́ńbà ọkọ̀ náà?" Bí wọ́n bá wá fẹ́ dárí jì lẹ́yìn tí wọ́n mọ iye tí ẹ̀tọ́ wọn jẹ́, láádá ńlá ni. Kí Ọlọ́hun má fi jàǹbá kàn wá, kí Ó forí jin àwọn òkú wa, kí Ó sì tọ́jú àwọn ọmọ tí wọ́n fi sílẹ̀. Àmín.