Pilates tàbí Barre: Èwo Ni Ó Bá Ara Yín Mu?



Bí ọmọ yín tí ó wà ní Kútọnu tàbí ní Párìsì bá wá kí yín, ó lè sọ pé òun ń ṣe Pilates. Òmíràn lè sọ pé barre ni òun ń ṣe. Eré ìdárayá ni méjèèjì. (Pilates yìí kì í ṣe Pílátù inú Bíbélì o.) Ó dára kí ẹ mọ ìyàtọ̀ wọn. Ẹni tí ẹ̀yìn ń ro, tàbí tí orúnkún ń dùn, lè rí ànfààní nínú ọ̀kan, kí èkejì sì dá kún ìrora rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ohun tí ó pa wọ́n pọ̀. Bí ènìyàn bá ń sáré, nígbàkigbà tí ẹsẹ̀ bá balẹ̀, agbára tí ó ń kọlu ẹsẹ̀ náà tó ìlọ́po méjì sí mẹ́ta ìwúwo ara rẹ̀. Ẹ rántí ọmọ odó àti odó. Orúnkún ni ìdí odó. Orúnkún ọ̀dọ́ lè gbà á, ṣùgbọ́n èyí tí ó ti ń dùn kò fẹ́ kí a máa gún un bẹ́ẹ̀. Nínú Pilates àti barre, a kì í sáré, a kì í sì í fò. Iṣan ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n a kì í gún oríkèé.

Ẹ lè bi wá pé: "Èmi tí mo ń roko láti àárọ̀ di ọ̀sán, eré ìdárayá wo ni mo tún ń wá?" Ìbéèrè gidi ni. Ara àgbẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ju ti akọ̀wé lọ. Ṣùgbọ́n ọkọ́ máa ń tẹ ẹ̀yìn sí ọ̀nà kan náà ni, lójoojúmọ́, láti ọdún dé ọdún. Eegun ẹ̀yìn dà bí òpó gíga tí a fi okùn fà lọ́tùn-ún lósì kí ó má baà wó. Iṣan ikùn àti iṣan ẹ̀yìn ni okùn náà. Bí okùn kan bá le tí èkejì sì dẹ̀, òpó kò ní dúró ṣinṣin. Okùn wọ̀nyí ni Pilates ń tọ́jú.

Joseph Pilates ni ó dá a sílẹ̀. Ọmọ Jámánì ni, a sì bí i ní ọdún 1883. Ara rẹ̀ kò le nígbà tí ó wà ní kékeré. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó wà nígbà tí ogun ọdún 1914 bẹ́ sílẹ̀. Wọ́n tì í mọ́ àgọ́ nítorí pé ọmọ ilẹ̀ ọ̀tá ni. Nínú àgọ́ náà ni ó ti ń kọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní eré ìdárayá. Ní ọdún 1926 ó kọjá sí New York. Níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ oníjó ti wá kọ́ ọ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó kú ní ọdún 1967.

Àwọn olówó ń fi ẹ̀rọ onísípíríǹgì ṣe Pilates. Ẹní lásán tó. Ẹ wo àpẹẹrẹ kan. Ẹ dùbúlẹ̀, kí ẹ fi ẹ̀yìn lélẹ̀. Ẹ ká orúnkún sókè, kí àtẹ́lẹsẹ̀ wà nílẹ̀. Ẹ fa ikùn wọlé díẹ̀, bí ẹni tí ó ń so ìró mọ́ ìdí. Bí ẹ ti ń mí jáde, ẹ rọra gbé ìdí kúrò lórí ẹní, títí ara yóò fi gún láti èjìká dé orúnkún. Ẹ mí wọlé. Ẹ tún mí jáde, kí ẹ sì rọra sọ ìdí kalẹ̀. Ẹ ṣe é ní ìgbà márùn-ún tàbí mẹ́jọ. Ẹni tí ó bá ń kánjú ṣe é kò tíì ṣe é rárá.

Barre ńkọ́? Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ Faransé mọ̀ pé ọ̀pá ni ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀pá náà ni èyí tí a kàn mọ́ ògiri, tí àwọn oníjó balẹ́ẹ̀ ń dì mú nígbà tí wọ́n bá ń kọ́ṣẹ́. Lotte Berk, obìnrin oníjó kan tí ó jẹ́ Júù, ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Jámánì ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1913, ó sì sá fún ìjọba Hitler lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí ó fi ẹ̀yìn ṣèṣe, ó pa ìdánrawò ijó pọ̀ mọ́ èyí tí a fi ń tọ́jú ẹ̀yìn. Ní ọdún 1959 ó ṣí ilé tí ó ti ń kọ́ àwọn obìnrin.

Ìdúró ni a fi ń ṣe púpọ̀ nínú barre. Ẹni tí kò ní ọ̀pá lè di ẹ̀yìn àga tí ó wúwo mú. A gbé gìgísẹ̀ sókè, a tẹ orúnkún díẹ̀, a sì ń lọ sókè sódò níwọ̀n ìbú ìka kan péré, láìdìde tán. Láìpẹ́, itan yóò máa gbọ̀n. Ìyẹn kì í ṣe àìsàn. Ó ti rẹ iṣan ni.

Nítorí náà, bí ẹ̀yìn bá ń dùn yín, Pilates ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ní ọdún 2015 àwọn olùwádìí kó ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ lórí rẹ̀. Wọ́n rí i pé ó lè dín ẹ̀yìn ríro kù ju kí a jókòó láìṣe nǹkan. Wọn kò rí i pé ó ju àwọn eré ìdárayá mìíràn lọ. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà á fún yín bí òògùn gbogbonìṣe.

Bí orúnkún bá ni ó ń dùn, ẹ ṣọ́ra fún barre, nítorí títẹ orúnkún ni iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n aránṣọ tàbí ìyá ọlọ́jà tí ó ń jókòó látàárọ̀, tí ibì kankan kò sì dùn ún, barre yóò mú itan àti ìdí rẹ̀ le. Ó tún ń kọ́ ara láti dúró láìṣubú. Lójú tiwa, ìdí yìí tóbi fún àgbàlagbà ju ẹwà itan lọ.

Àgbàlagbà tí eegun rẹ̀ ti ń rọ kò gbọdọ̀ ṣe àwọn Pilates tí a fi ń ká ẹ̀yìn síwájú bí ìgbín. Aláboyún ní láti bi agbẹ̀bí rẹ̀ kí ó tó ṣe èyíkéyìí, pàápàá bí oyún bá ti ju oṣù mẹ́rin lọ, nítorí kò dára kí ó fi ẹ̀yìn lélẹ̀ pẹ́.

Bí ìrora bá ń sáré láti ẹ̀yìn wọ inú ẹsẹ̀, ẹ dáwọ́ dúró, kí ẹ sì lọ rí dókítà. Bí ẹsẹ̀ bá kú tipiri, tàbí tí ìtọ̀ ń jáde láìmọ̀, ẹ má dúró di ọjọ́ kejì. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ ní wákàtí náà.