Ìka Ló Ń Dun Ìyá, Kí Ló Dé Tí Dókítà Fi Oògùn Ọ̀rá Inú Ẹ̀jẹ̀ Kún Un?



Lẹ́yìn àsàlátù ọjọ́ Sannde kan, Alhaja kan pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì tú oògùn jáde nínú báàgì rẹ̀. Ó ti pé ọdún mélòó kan tí ọwọ́ rẹ̀ máa ń le gan-an bó bá jí fún ìrun àsùbáà. Oríkèé ìka rẹ̀ á wú, á gbóná, kẹ́tù àlùwàlá á sì ṣòro gbé. Ìgbà tí oòrùn bá mú díẹ̀ ni ọwọ́ náà tó ń rọ̀. Ilé ìwòsàn ti sọ fún un pé rheumatoid arthritis ni, ó sì ti ń lo oògùn rẹ̀. Nígbà tó lọ kẹ́yìn, dókítà fi òmíràn kún un, atorvastatin. Ọmọ rẹ̀ wò ó lórí fóònù, ó ní oògùn ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ ni.

"Èmi ò sanra," ni Alhaja wí. "Ìka ló ń dùn mí. Àbí wọ́n ṣèèṣì fún mi ní oògùn ẹlòmíì ni?" Ó ti tó oṣù méjì tí kò fọwọ́ kàn án.

Wọn kò ṣèèṣì. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni kò bá ṣàlàyé fún un, ìbéèrè rẹ̀ tọ̀nà.

Gbogbo ìrora oríkèé la máa ń pè ní làkúrègbé, bẹ́ẹ̀ oríṣiríṣi ni wọ́n. Èyí tó ń mú orúnkún àgbà nítorí pé oríkèé ti gbó yàtọ̀ sí ti Alhaja. Nínú tirẹ̀, àwọn ọmọ ogun tí Ọlọ́hun fi sínú ara láti máa bá kòkòrò àrùn jà ló ṣìnà, tí wọ́n kọjú ìjà sí ara fúnra rẹ̀, pàápàá awọ tẹ́ẹ́rẹ́ inú oríkèé. Ọwọ́ méjèèjì ló sábà máa ń mú pọ̀, ó sì ń mú obìnrin tó ìlọ́po méjì sí mẹ́ta iye ọkùnrin.

Ìjà yẹn kì í dúró sí oríkèé. Ẹ̀jẹ̀ kan náà tó ń lọ sí ìka ló ń lọ sí ọkàn àti ọpọlọ. Iná àìsàn náà ń ba ògiri inú iṣan ẹ̀jẹ̀ jẹ́, ọ̀rá á wá rí ibi lẹ̀ mọ́. Bí ọ̀rá tó lẹ̀ yìí bá ya lójijì, ẹ̀jẹ̀ á dì lé e lórí, ọ̀nà á dí. Tó bá jẹ́ ti ọkàn, ọkàn lè dá iṣẹ́ sílẹ̀. Tó bá jẹ́ ti ọpọlọ, rọpárọsẹ̀ nìyẹn. Ewu kí irú àìsàn bẹ́ẹ̀ pa ẹni tó ní rheumatoid arthritis fi nǹkan bí ìdajì ju ti ojúgbà rẹ̀ tí kò ní in lọ. Ìdí nìyí tí EULAR, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ àìsàn oríkèé ní Yúróòpù, fi ní kí dókítà fi 1.5 ṣe ìlọ́po iye ewu tó bá ṣírò fún irú aláìsàn bẹ́ẹ̀, bí ìṣírò náà kò bá ti ka àìsàn yìí mọ́ ọn tẹ́lẹ̀.

Ohun kan wà níbẹ̀ tó máa ń rú ènìyàn lójú. Nígbà tí àìsàn náà bá ń gbóná lọ́wọ́, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ máa ń wálẹ̀. Èsì àyẹ̀wò á jáde, nọ́ńbà á dára, inú gbogbo ilé á dùn, bẹ́ẹ̀ àkókò yẹn gan-an ni ara kò fara rọ fún ọkàn. Bí oògùn oríkèé bá wá ń ṣiṣẹ́, tí ìka ń fà, ọ̀rá náà á tún gòkè. Àwọn kan á ní oògùn ló kó ọ̀rá sí àwọn lára, wọn á pa á tì. Lọ́pọ̀ ìgbà, ara ló kàn ń padà sí bó ṣe wà kí àìsàn tó dé. Àyẹ̀wò tí a lè gbára lé ni èyí tí a ṣe nígbà tí àìsàn bá rọlẹ̀. Bí wọ́n bá ṣe tiyín nígbà tí ọwọ́ wú, ẹ bi dókítà bóyá ó yẹ kí wọ́n tún un ṣe.

Ní ti sísanra tí Alhaja sọ, ẹ̀dọ̀ wa fúnra rẹ̀ ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú cholesterol, yálà a sanra tàbí a tín-ín-rín. Ibẹ̀ ni statin ti ń ṣiṣẹ́: ó ń dín èyí tí ẹ̀dọ̀ ń ṣe kù, ẹ̀dọ̀ á sì máa fa èyí tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọlé. Ará Japan kan, Akira Endo, ló kọ́kọ́ rí irú rẹ̀ ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn, nínú ohun tó máa ń hù lára oúnjẹ tó bá ti bu. (Ẹni tó ń bẹ̀rù gelatin, hóró ni ọ̀pọ̀ jù nínú wọn, kì í ṣe kápúsù.)

Wọ́n ti dán an wò lára irú aláìsàn yìí gan-an. Ní Britain, wọ́n pín ènìyàn 3,002 sí méjì: apá kan ń lo atorvastatin mílígíráàmù 40 lójúmọ́, apá kejì ń lo hóró lásán. Nígbà tí èsì jáde ní 2019, ènìyàn 24 ni àìsàn ọkàn tàbí ti iṣan ẹ̀jẹ̀ kọlù nínú àwọn ti àkọ́kọ́, 36 nínú àwọn ti ìkejì. Wọ́n ti dá ìdánwò náà dúró kí àkókò rẹ̀ tó pé, nítorí iye àwọn tí àìsàn kọlù kéré sí èyí tí wọ́n retí, nítorí náà ìyàtọ̀ yẹn nìkan kò tó láti búra lé. Ṣùgbọ́n ó bá ohun tí statin ń ṣe fún àwọn mìíràn mu, kò sì pa wọ́n lára ju hóró lásán lọ.

Alhaja bi mí bóyá yóò jẹ́ kí ìka òun rọ̀ láti fa tẹ̀sùbáà. Ìdánwò kékeré kan ní Glasgow, pẹ̀lú ènìyàn 116, fi hàn ní 2004 pé ó dín wíwú oríkèé kù díẹ̀. Díẹ̀ náà ni. Methotrexate àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ni iṣẹ́ ìka. Ti ọkàn ni statin. Kì í sì í ṣe gbogbo ẹni tó ní àìsàn yìí ni yóò lò ó. Dókítà á wo ọjọ́ orí, ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà àti sìgá kó tó pinnu.

Ohun tó ń lé ọ̀pọ̀ ènìyàn sá fún un ni ìrora ẹran ara. Ìrora statin máa ń wà nínú ẹran itan, ejìká tàbí ojúgun. Ti àìsàn yìí wà ní oríkèé, pẹ̀lú wíwú àti líle òwúrọ̀. Ní London, wọ́n kó ènìyàn 60 tó ti pa statin tì nítorí ìnira jọ, wọ́n fún wọn ní statin ní oṣù kan, hóró lásán ní oṣù mìíràn, láìsọ èwo ni èwo. Nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ìnira náà ló wà pẹ̀lú hóró lásán. Ṣùgbọ́n bí ẹran ara bá ń roni gidigidi, tí ìtọ̀ sì dúdú bíi kóòkì, ilé ìwòsàn ni lọ́jọ́ náà. Ẹ tún sọ fún ẹni tó ń ta oògùn pé ẹ ń lo statin kó tó fún yín ní erythromycin tàbí clarithromycin.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń fún ìyá ní oògùn, ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Ojoojúmọ́ ni statin. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni methotrexate fún àìsàn yìí. Ẹni tó bá ṣì í lò lójoojúmọ́ lè kú. Ẹ yan ọjọ́ kan, Jímọ́ọ̀ rọrùn láti rántí, kí ẹ sì kọ ọ́ sára páálí oògùn náà. Àgúnmu làkúrègbé tí wọ́n ń tà nínú ọkọ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi kún un: wọ́n ti bá oògùn bíi dexamethasone nínú irú wọn rí, èyí tó ń gbé ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru sókè.

Ààwẹ̀ kò dí statin lọ́wọ́. A lè lo atorvastatin tàbí rosuvastatin nígbà ìṣínu tàbí sààrì. Alẹ́ ni ti simvastatin. Ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń bímọ, ẹ sọ fún dókítà kí oyún tó dé, nítorí methotrexate ń ba ọmọ inú jẹ́, wọ́n sì sábà máa ń dá statin náà dúró.

Alhaja fẹ́ mọ̀ bóyá ó di dandan kí òun jẹ́wọ́ oṣù méjì yẹn. Ó di dandan. Bó bá dákẹ́, tí àyẹ̀wò sì fi hàn pé ọ̀rá kò wálẹ̀, dókítà á rò pé oògùn náà kò tó, á sì fi kún un.