Ṣé Àjẹ́ Àná Ló Pa Ọmọ Jẹ Lóòótọ́?

Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Bí àgbà bá ti sọ èyí níbi ìpàdé ẹbí, ọ̀rọ̀ bùṣe. Kò sẹ́ni tí í dáhùn ìbéèrè náà, torí a kò bi í kí ẹnikẹ́ni lè dáhùn. Ẹni tó lérí mọ́ ọmọlàkejì rẹ̀ lánàá, tí aburú sì ṣe onítọ̀hún lónìí, ni òwe náà ń bá wí. Mo fẹ́ràn òwe yìí púpọ̀. Ó dùn létí, ó sì ti kó bá aláìṣẹ̀ tí kò lóǹkà.

Ẹ jẹ́ ká wá ní ọmọ alárìíwísí kan wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, tó nawọ́ sókè. Ó ní, "Ẹ̀yin bàbá, ẹ dákun, ẹ má bínú sí mi. Ṣé ibà kò ti ń ṣe ọmọ náà láti ìjẹta ni? Àjẹ́ yìí ńkọ́, ṣé àná nìkan ló ké, àbí alaalẹ́ ló ń ké? Àwọn alẹ́ tó ké tí ọmọ ẹnikẹ́ni kò kú ńkọ́?" Wọ́n á ní kó jókòó. Wọ́n á tún béèrè ẹni tó bí i. Ṣùgbọ́n bí ọmọ náà bá dé yunifásítì, tí wọ́n ní kó kọ àròkọ lórí okùnfà nǹkan kan àti àyọrísí rẹ̀, ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí gan-an ni olùkọ́ máa fi dojú kọ gbólóhùn kókó tó bá mú wá, èyí tí wọ́n ń pè ní thesis. (Kì í ṣe ìwé àpilẹ̀kọ gbọọrọ tí wọ́n fi ń gba oyè ni mò ń wí o. Gbólóhùn kan péré ni.)

Gbólóhùn kan yìí kò sí nínú àròkọ tí wọ́n kọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa. Bí wọ́n bá kọ "Sóṣíà mídíà" sójú pátákó, a ó sọ ohun tó jẹ́, a ó ka àǹfààní rẹ̀ márùn-ún, a ó ka àléébù rẹ̀ márùn-ún, a ó sì kádìí rẹ̀ pé kí àwọn òbí máa mójú tó ọmọ wọn. Ẹni tó bá kà á tán kò ní mọ ohun tí òǹkọ̀wé gbà gbọ́. Gbólóhùn kókó ló ń fipá mú òǹkọ̀wé láti sọ ọ́: kí ló fa kí ni, lára ta ni, nígbà wo, ọ̀nà wo ló sì gbà. Ó tún gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí ọlọ́gbọ́n ènìyàn lè jiyàn rẹ̀. "Sóṣíà mídíà ń ba àwọn ọ̀dọ́ jẹ́" kò kúnjú òṣùwọ̀n. Ọ̀dọ́ ibo? Kí ló bà jẹ́ lára wọn?

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ kan tí kò tí ì kúrò lọ́kàn ọ̀pọ̀ wa. Ní ọjọ́ 20 oṣù keje ọdún 2014 ni Patrick Sawyer gbé àrùn Ebola wọ Èkó láti Làìbéríà. Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹjọ ni fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún káàkiri kí ilẹ̀ tó mọ́. Wọ́n ní kí gbogbo ilé bu iyọ̀ sínú omi gbígbóná, kí tọmọdé tàgbà fi wẹ̀, kí wọ́n sì mu nínú rẹ̀, kí Ebola má baà ràn wọ́n. Ó gba orí Facebook, ó gba Twitter, ó gba BBM àti WhatsApp, ó sì gba tẹ́ẹ̀sì lásán. Ìyá ń jí ọmọ lójú oorun, ọmọ ń pe ẹ̀gbọ́n tó wà nílùú òkèèrè pé ṣé ẹ ti wẹ̀. Nígbà tó fi di ọjọ́ 15 oṣù náà, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ó kéré tán, ènìyàn 2 ti kú ní Nàìjíríà lẹ́yìn tí wọ́n mu omi iyọ̀. Ẹ rántí pé ènìyàn 8 péré ni Ebola fúnra rẹ̀ pa nínú àwọn 20 tó kó o lórílẹ̀-èdè wa.

Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá jókòó ti ọ̀rọ̀ yìí, ohun tó máa kọ́kọ́ kọ ni pé: sóṣíà mídíà ló jẹ́ kí àwọn ènìyàn mu omi iyọ̀ ní 2014. Àjẹ́ ké, ọmọ kú. Mi ò ní irọ́ ni, ṣùgbọ́n kò tí ì sọ nǹkan kan. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí wa pé ká fi í ṣọwọ́ sí ènìyàn 10 kí oore wa lè wọlé kí ilẹ̀ tó ṣú. Mélòó nínú wa ló ń dá a lóhùn? Orí ìkànnì kan náà ni àwọn dókítà ti ń pariwo pé irọ́ ni, kí wọ́n má mu ún. Tẹ́ẹ̀sì tó gbé e ká kì í tilẹ̀ ṣe sóṣíà mídíà. Bí ìkànnì nìkan bá tó láti fà á, omi iyọ̀ ì bá ti pa wá tán ṣáájú ọdún náà. Nǹkan mìíràn ló yàtọ̀ lóru ọjọ́ yẹn.

Kí ló yàtọ̀? Kò tí ì sí oògùn tàbí abẹ́rẹ́ àjẹsára tí wọ́n fọwọ́ sí fún Ebola nígbà náà, ìbẹ̀rù sì ti gba ìlú kan. Iyọ̀ wà ní gbogbo ilé ìdáná, kò náni lówó, kò sì jọ ohun tó lè pa ènìyàn. Èyí tí mo gbà pé ó wúwo jù ni pé kì í ṣe àjèjì ló ń pe ènìyàn láago kùtùkùtù. Ìyá ẹni ni, àbúrò ẹni ni, arábìnrin inú ìjọ ni. Akẹ́kọ̀ọ́ wa lè wá tún un kọ báyìí: Ní oṣù kẹjọ ọdún 2014, àwọn ará Nàìjíríà mu omi iyọ̀ nítorí pé ẹnu ẹni tí wọ́n fọkàn tán ni ìmọ̀ràn náà ti jáde, lásìkò tí kò sí oògùn tí wọ́n lè sá tọ̀, ìkànnì ayélujára mú kó yára ni, òun kọ́ ló mú kí wọ́n gbà á gbọ́. Ó di dandan kí ẹnì kan ní mo ń gbèjà àwọn olówó Facebook. Kò burú, ẹ̀rí ni ká jọ gbé kalẹ̀. Gbólóhùn náà ti sọ ibi tí a ó ti wá a: ta ló fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́ sí ta, kí ló wà nílẹ̀ fún aláìsàn lọ́sẹ̀ náà, wákàtí mélòó ni ọ̀rọ̀ náà fi dé ìlú kan sí òmíràn.

Ẹ tún kíyè sí "mú kó yára" tó wà níbẹ̀. Ẹni tó bá kọ "ló fà á" ti jẹ gbèsè ẹ̀rí tó pọ̀ ju ti ẹni tó kọ "ó dá kún un" lọ, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kì í sì í rántí san án.

Ibi tó le gan-an ni ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀dọ́ àti ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn. Ní 2024, Jonathan Haidt, onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, gbé ìwé The Anxious Generation jáde. Ohun tó ń sọ níbẹ̀ ni pé fóònù ìgbàlódé àti àwọn ìkànnì wọ̀nyí wà lára ohun pàtàkì tó sọ ọkàn àwọn ọmọ di aláìbalẹ̀. Lọ́dún kan náà, Candice Odgers, tí òun náà jẹ́ onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá, dá a lóhùn nínú ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì Nature pé nǹkan méjì tó jọ ń gòkè kò túmọ̀ sí pé ọ̀kan ló fa èkejì, àti pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àwọn ọmọ tí ọkàn wọn ti dàrú tẹ́lẹ̀ ló ń sá lọ bá fóònù. Ìbéèrè ọmọ alárìíwísí nìyẹn: ṣé ibà kò ti wà lára tẹ́lẹ̀ ni?

Báwo la ṣe máa mọ̀? Bí a bá lè rí ìlú méjì tó jọra, tí àjẹ́ ké nínú ọ̀kan tí kò sì tí ì ké nínú èkejì, a ó mọ nǹkan kan. Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí. Nígbà tí Facebook bẹ̀rẹ̀ ní Harvard ní oṣù kejì ọdún 2004, kò ṣí ilẹ̀kùn fún gbogbo ayé. Láti yunifásítì kan dé òmíràn ló ń rìn, títí wọ́n fi ṣí i sílẹ̀ fún tẹrú tọmọ ní 2006. Luca Braghieri, Ro'ee Levy àti Alexey Makarin fi àwọn ilé ẹ̀kọ́ tó ti dé wé àwọn tí kò tí ì dé. Èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2022 ni pé ibi tí Facebook bá dé, ìlera ọkàn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ ń rẹ̀yìn, pàápàá ní ti ìrẹ̀wẹ̀sì. Wọ́n tún rí ọ̀nà tó jọ pé ó ń gbà: àwọn ọmọ náà ń fi ara wọn wé ẹgbẹ́ wọn, wọ́n sì ń rò pé ayé ẹlòmíràn dára ju tiwọn lọ.

Gbólóhùn kókó tó jáde látinú èyí lágbára: Ní àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà láàrin 2004 sí 2006, Facebook dá kún ìrẹ̀wẹ̀sì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nípa mímú kí wọ́n máa fi ara wọn wé ẹgbẹ́ wọn. Àmọ́ ẹ má gbé e wá sọ́dọ̀ ọmọ ọdún 13 tó ń wo TikTok n'Íbàdàn. Facebook ayé ìgbà náà kò ní bọ́tìnnì Like, tó jẹ́ 2009 ló dé, fídíò kéékèèké tí kì í tán sì ń bẹ níwájú. Sóṣíà mídíà ni a ń pe gbogbo wọn, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe nǹkan kan náà mọ́.

Ní ọjọ́ 10 oṣù kejìlá ọdún 2025 ni òfin kan bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ọsirélíà pé kí ọmọ tí kò tí ì pé ọdún 16 má ní àkáǹtì lórí Facebook, Instagram, TikTok àti irú wọn. Ilé iṣẹ́ tó bá tàpá sí i lè san owó ìtanràn tó tó mílíọ̀nù 49.5 dọ́là ilẹ̀ wọn. Fún ẹni tó ń wá ohun tó máa kọ, èyí dùn: a mọ ọjọ́ tí wọ́n ti ilẹ̀kùn, a sì mọ àwọn orílẹ̀-èdè tí kò tì í. Àmọ́ òfin náà kò kan WhatsApp, àwọn ọmọ sì lè kó lọ síbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kọ gbólóhùn kókó lórí rẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ èyí tó fẹ́ wọ̀n: ṣé oorun àwọn ọmọ náà ni, ṣé ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn wọn ni, àbí wákàtí tí wọ́n ń lò nídìí fóònù? Ọ̀kan nínú wọn lè lọ sílẹ̀ kí àwọn yòókù má mira rárá.