Èrò Ará Ìlú Gẹ́gẹ́ Bí Apá Kan Ìṣirò Ètò Ìfètòsọ́mọbíbí: Àpẹẹrẹ Àpápá àti Ajégúnlẹ̀

1. Ìfáárà

Àwọn Yorùbá gbà pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Èèwọ̀ yìí kò ní kí ọlọ́mọ má mọ iye ọmọ rẹ̀. Ohun tó kọ̀ ni kí ẹni tí ọ̀rọ̀ kò kàn dúró lóde kí ó máa ka ohun tó wà nínú ilé onílé. Síbẹ̀, ìjọba kò lè pèsè ètò ìfètòsọ́mọbíbí láìṣe ìṣirò. Ó gbọ́dọ̀ mọ iye abẹ́rẹ́, iye oògùn oníhóró àti iye nọ́ọ̀sì tí àdúgbò kọ̀ọ̀kan nílò. Ìbéèrè tí iṣẹ́ yìí gbé yẹ̀wò ni pé: ǹjẹ́ ìṣirò tí wọ́n ṣà jọ láti inú ìwé ilé ìtọ́jú nìkan lè pé, bí wọn kò bá dá a padà sọ́dọ̀ àwọn tí wọ́n kà? Èrò tí iṣẹ́ yìí gbè lẹ́yìn ni pé kò lè pé, nítorí pé ìwé mọ obìnrin tó gba ìtọ́jú, ṣùgbọ́n kò mọ èyí tó padà sílé lọ́wọ́ òfo.

Àpápá àti Ajégúnlẹ̀ ni iṣẹ́ yìí fi ṣe àpẹẹrẹ. Àdúgbò méjèèjì múlé ti ara wọn, ṣùgbọ́n ìgbé ayé wọn kò dọ́gba. Àpápá ni èbúté ọkọ̀ òkun wà, pẹ̀lú àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá àti ibùgbé àwọn ọlọ́lá. Ajégúnlẹ̀, tó wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ajeromi-Ìfẹ́lódùn, jẹ́ ibùgbé ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ àti oníṣòwò kékeré. Yorùbá, Ìjọ́, Ùròbò, Ìgbò àti Hausa ń gbé ibẹ̀ pọ̀, èdè pijin sì ni ó so wọ́n pọ̀.

2. Bí Ìṣirò Náà Ṣe Ń Wáyé

Obìnrin tó bá lọ sí ilé ìtọ́jú alábọ́dé yóò gba káàdì. Nọ́ọ̀sì yóò kọ orúkọ rẹ̀, ọjọ́ orí rẹ̀, ohun tí ó gbà, àti bóyá ẹni tuntun ni, sínú rẹ́jísítà. Ní ìparí oṣù, wọn a ṣírò gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú fọ́ọ̀mù kan, iye náà a sì wọ inú kọ̀ǹpútà nípa ètò DHIS2. Ibẹ̀ ni orúkọ ti ń pòórá tí iye nìkan ń ṣẹ́kù.

Ó yẹ kí ènìyàn ṣọ́ra nípa ìtumọ̀ iye yìí. Ìwọ̀n kan tí àwọn elétò ń lò ni ọdún ìdáàbòbò fún tọkọtaya kan. Abẹ́rẹ́ olóṣù mẹ́ta lọ́nà mẹ́rin, tàbí páálí oògùn oníhóró olóṣooṣù 15, tàbí kọ́ńdọ̀mù 120, ni wọ́n kà sí ọdún kan. Ká ní ilé ìtọ́jú kan fún àwọn obìnrin ní abẹ́rẹ́ 400 lọ́dún: ìwọ̀n náà yóò pè é ní ọdún 100. Ó lè jẹ́ obìnrin 100 tí ń wá déédéé. Ó sì lè jẹ́ obìnrin 400 tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wá lẹ́ẹ̀kan tí kò sì padà wá mọ́. Iye kan náà ni, ṣùgbọ́n ìròyìn méjì ni. Àmì “tuntun” inú rẹ́jísítà kò mú iyèméjì náà kúrò pátápátá, nítorí pé obìnrin tó kúrò ní ilé ìtọ́jú kan ní Ajégúnlẹ̀ lọ sí òmíràn ní Àpápá lè tún di ẹni tuntun níbẹ̀.

3. Ohun Tí Rẹ́jísítà Kò Rí

Ohun mẹ́ta ni ó sá pamọ́ fún rẹ́jísítà. Èkíní ni ohun tí wọ́n rà ní ìsọ̀ kẹ́míìsì. Ìwádìí lórí iye ènìyàn àti ìlera tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà ní 2018 fi hàn pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń lo ọ̀nà ìgbàlódé ni kò gbà á lọ́wọ́ ìjọba. Èkejì ni ọ̀nà àbáláyé, pàápàá jíjìnnà sí ọkọ nígbà tí ọmọ ṣì wà lẹ́nu ọmú, èyí tí John àti Pat Caldwell kọ̀wé lé lórí láàárín àwọn Yorùbá ní 1977.

Ẹ̀kẹta ni ó wúwo jù. Ní oṣù kẹrin ọdún 2011, ìjọba àpapọ̀ sọ ohun èlò ìfètòsọ́mọbíbí di ọ̀fẹ́ ní àwọn ilé ìtọ́jú ìjọba. Ohun ọ̀fẹ́ pẹ̀lú a máa tán. Bí abẹ́rẹ́ bá tán fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àwọn obìnrin yóò dé ẹnu ọ̀nà, wọn yóò sì padà. Rẹ́jísítà kò ní ojú ewé fún wọn. Ní ìparí oṣù, iye á wálẹ̀. Ẹni tó wà ní ọ́fíìsì lè rò pé àwọn obìnrin Ajégúnlẹ̀ kò fẹ́ abẹ́rẹ́ mọ́. Bí wọ́n bá wá fi iye tí wọ́n lò lóṣù náà pinnu iye tí wọn yóò tún fi ránṣẹ́, ọ̀wọ́n yóò bí ọ̀wọ́n. Oyún tí ẹnikẹ́ni kò rò tẹ́lẹ̀ ni yóò fi hàn pé ìṣirò náà kò pé.

Ìwádìí 2018 náà fi ìdí èyí múlẹ̀, nítorí pé ilé ni ó ti bá àwọn obìnrin. Nínú obìnrin ilé ọkọ 100, 17 ń lo ọ̀nà kan, 12 nínú wọn sì ń lo ti ìgbàlódé. Ṣùgbọ́n 19 fẹ́ fi àlàfo sí ọmọ bíbí tàbí kí wọ́n dáwọ́ dúró, láìlo ohunkóhun.

4. Iye Tí Wọ́n Fi Ń Pín In

Láti mọ ìdá obìnrin tó ń lo ètò yìí, wọ́n gbọ́dọ̀ mọ iye àwọn tó ń gbé àdúgbò náà. Àríyànjiyàn wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ìkànìyàn 2006 ti ìjọba àpapọ̀ rí ènìyàn tó lé ní 680,000 ní Ajeromi-Ìfẹ́lódùn. Ìkànìyàn tí Ìpínlẹ̀ Èkó fúnra rẹ̀ ṣe lọ́dún náà rí èyí tó lé ní 1,400,000. Ní Àpápá, 217,000 àti díẹ̀ ni ti àpapọ̀, ti Èkó sì lé ní 520,000. Nítorí náà, iye oníbàárà kan náà lè dà bí àṣeyọrí nínú ìwé kan, kí ó sì dà bí ìkùnà nínú èkejì.

5. Ọ̀nà Tí Èrò Ará Ìlú Lè Gbà Wọlé

Ọ̀nà méjì ni ó yẹ, kò sì yẹ kí wọ́n fi ọ̀kan rọ́pò èkejì. Àkọ́kọ́ ni ìpàdé gbangba ti ìgbìmọ̀ ìdàgbàsókè wọ́ọ̀dù, níbi tí wọn yóò ti ka iye oṣù fún àwọn ìyálọ́jà, olórí ìjọ, àwọn àlùfáà àti ọ̀dọ́, ní Yorùbá àti ní pijin. Ìpàdé yìí lè sọ ọjọ́ tí ilé ìtọ́jú kò ṣí, tàbí owó tí wọ́n gbà lórí ohun ọ̀fẹ́.

Ṣùgbọ́n obìnrin tí ọkọ rẹ̀ kò mọ̀ pé ó gba abẹ́rẹ́ kò ní dìde sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Nítorí tirẹ̀ ni ọ̀nà kejì: kí obìnrin bi obìnrin ní ìkọ̀kọ̀, láìkọ orúkọ. Irú ọ̀nà yìí kì í ṣe àjèjì ní Èkó. Ní 2014 ni CRERD, ibùdó ìwádìí kan ní Ilé-Ifẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìwádìí PMA ní ìpínlẹ̀ náà. Àwọn obìnrin àdúgbò ni ó gbé fóònù lọ́wọ́ láti ilé dé ilé, ìwádìí náà sì ń dé ilé ìtọ́jú àti ìsọ̀ oògùn láti mọ ohun tó tán. Ìbéèrè tó dára jù kì í ṣe “Ṣé ètò náà tẹ́ yín lọ́rùn?”, nítorí pé ọ̀wọ̀ ni yóò dáhùn rẹ̀. Ìbéèrè tó dára ni “Ìgbà wo lẹ lọ gbẹ̀yìn tí ẹ kò rí ohun tí ẹ torí rẹ̀ lọ?”

Àṣírí ni ìpìlẹ̀ ọ̀nà méjèèjì. Ó wà nínú àwọn ìlànà ìṣirò ìjọba tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbà ní 1994, ó sì wà nínú òfin ààbò ìsọfúnni tí Nàìjíríà ṣe ní 2023. Ní wọ́ọ̀dù kékeré, iye 1 tàbí 2 lè tú obìnrin fó. Ó yẹ kí wọ́n pa irú iye bẹ́ẹ̀ pọ̀ mọ́ òmíràn kí wọ́n tó kà á síta.

6. Ìgúnlẹ̀

Èrò ará ìlú kì í ṣe ẹ̀yẹ tí wọ́n ń ṣe fún wọn lẹ́yìn tí ìṣirò ti parí. Ara ìṣirò náà ni. Bí ojú ewé kan bá wà fún iye obìnrin tó wá tí kò rí ohun tó wá gbà, tí wọ́n sì dá èsì padà fún wọ́ọ̀dù ní oṣù tó tẹ̀lé e, èèwọ̀ àtijọ́ kò ní bàjẹ́. Ọlọ́mọ fúnra rẹ̀ ni yóò ti bá wọn kà á.