Àtẹ Ìwọ̀n Òwú Nínú Kọ̀ǹpútà: Bí A Ṣe Ń Kà Á, Bí A Ṣe Ń Kọ Ọ́

Ẹ ti mọ lẹ́tà, ẹ ti mọ ìṣirò. Ẹ lè kọ orúkọ yín, ẹ sì lè ka ohun tí òṣùwọ̀n sọ. Lóde òní, ìwé ẹgbẹ́ àgbẹ̀ ti ń bọ́ sínú kọ̀ǹpútà, ẹ̀rọ tí àwọn tó gbọ́ Faransé ń pè ní ordinateur. Ó lè ṣẹlẹ̀ pé owó tí wọ́n san fún àgbẹ̀ kò bá ìwé ọwọ́ rẹ̀ mu. Bó bá béèrè, wọ́n á ní: «Kọ̀ǹpútà ló sọ bẹ́ẹ̀.» Ọ̀rọ̀ á sì tán síbẹ̀.

Ṣé ó yẹ kó tán síbẹ̀? Rárá o. Ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà, ìwé ni. Ẹni tó mọ̀wé kà lè kà á. Ẹ jẹ́ ká wò ó.

KÍ NI ÀTẸ?

Tí ìyá kan bá ń tajà, ó máa ń to ọjà rẹ̀ sórí àtẹ. Ata wà níbi kan, iyọ̀ wà níbi kan, ẹja gbígbẹ wà níbi kan. Kì í da iyọ̀ mọ́ ata. Bẹ́ẹ̀ náà ni àtẹ inú ìwé rí: ohun kọ̀ọ̀kan ní àyè tirẹ̀.

Lọ́jọ́ tí a bá ń wọn òwú, akọ̀wé ẹgbẹ́ máa ń fa ìlà sínú ìwé rẹ̀. Ká fi àgbẹ̀ mẹ́ta ṣe àpẹẹrẹ:

Nọ́mbà – Orúkọ – Àpò – Kílò
007 – Àlàbí – 3 – 182,5
012 – Ṣadé – 2 – 121
019 – Ìdòwú – 4 – 240,5

Ohun tó lọ láti ọwọ́ òsì sí ọwọ́ ọ̀tún ni ìlà. Ohun tó dúró láti òkè dé ìsàlẹ̀ ni òpó. Òfin àtẹ kò ju méjì lọ: ìlà kan, ènìyàn kan, òpó kan, ohun kan. Ẹ má kọ kílò sínú òpó àpò. Ẹ má kọ ènìyàn méjì sórí ìlà kan.

Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀: 182,5 àti 121 àti 240,5 jẹ́ kílò 544. Ẹ fi 544 yìí sọ́kàn, a óò tún padà sórí rẹ̀.

BÁWO NI KỌ̀ǸPÚTÀ ṢE Ń TỌ́JÚ ÀTẸ?

Kọ̀ǹpútà máa ń tọ́jú ìwé sínú ohun tí a ń pè ní fáìlì. Oríṣi fáìlì kan wà fún àtẹ tí orúkọ rẹ̀ ń parí pẹ̀lú csv. Fáìlì yìí kò ní ìlà tí a fi rúlà fà. Àmì kékeré kan ló ń ya òpó kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì. Àtẹ wa á rí báyìí nínú fáìlì:

nomba;oruko;apo;kilo
007;Àlàbí;3;182,5
012;Ṣadé;2;121
019;Ìdòwú;4;240,5

Ẹ ò rí i? Ẹ̀yin náà lè kà á. Ìlà àkọ́kọ́ ni orí àtẹ, ó ń sọ orúkọ òpó kọ̀ọ̀kan. A kọ orúkọ òpó láìfi àmì ohùn sí i, kó má baà ṣòro láti pè nígbà tí a bá fẹ́ pàṣẹ fún ẹ̀rọ.

Àmì tó ń ya òpó sọ́tọ̀ níhìn-ín ni kọ́mà tí wọ́n fi àmì kan lé lórí ( ; ). Ẹ jẹ́ ká máa pè é ní kọ́mà olórí. Faransé ń pè é ní point-virgule. Àwọn mìíràn ń lo kọ́mà lásán ( , ), èyí tí Faransé ń pè ní virgule.

BÁWO NI A ṢE Ń KÀ Á?

A ní láti fi èdè tí kọ̀ǹpútà gbọ́ pàṣẹ fún un. Irú èdè bẹ́ẹ̀ pọ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni Python. Ọmọ ilẹ̀ Nẹ́dálándì kan, Guido van Rossum, ló ṣe é, ó sì gbé e jáde fún gbogbo ayé ní ọdún 1991. Òótọ́ ni pé Python ni wọ́n ń pe erè, ejò ńlá nì, lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ejò ló fi sọ ọ́. Ẹgbẹ́ aláwàdà kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Monty Python, ló fi sọ ọ́. Láti ọdún 2003 ni irinṣẹ́ fún kíka fáìlì csv ti wà nínú Python fúnra rẹ̀. A kì í rà á.

Àṣẹ tó ń ka fáìlì wa, tó sì ń ro kílò pọ̀, nìyí:

import csv
apapo = 0
with open("owu.csv", encoding="utf-8", newline="") as iwe:
    for ila in csv.DictReader(iwe, delimiter=";"):
        kilo = ila["kilo"].replace(",", ".")
        apapo = apapo + float(kilo)
print(apapo)

Ẹ má bẹ̀rù. Ohun tó ń sọ nìyí:

1. Mú irinṣẹ́ csv wá.
2. Bẹ̀rẹ̀ àpapọ̀ láti òdo.
3. Ṣí fáìlì owu.csv.
4. Mú ìlà rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kọ́mà olórí ló ya òpó sọ́tọ̀.
5. Wo òpó kilo, kí o sì fi àmì tótó rọ́pò kọ́mà.
6. Sọ ọ́ di iye, kí o rò ó mọ́ àpapọ̀.
7. Sọ àpapọ̀ fún wa.

Ẹ̀rọ á dáhùn pé 544.0. Iye tí a rò lọ́wọ́ náà nìyẹn.

OHUN MẸ́TA TÓ MÁA Ń BA ÀTẸ JẸ́

Èkíní: kọ́mà. Ní Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò, a ń kọ̀wé bí Faransé. Kílò 182 àti ààbọ̀ ni a ń kọ ní 182,5. Àwọn ará wa ní Nàìjíríà ń kọ ọ́ ní 182.5, nítorí wọ́n ń kọ ọ́ bí Gẹ̀ẹ́sì. Bí Gẹ̀ẹ́sì náà ni Python ṣe ń kà á. Ìdí nìyí tí a fi ní kó fi àmì tótó rọ́pò kọ́mà.

Tí ẹnì kan bá wá fi kọ́mà lásán ya òpó sọ́tọ̀ ńkọ́? Ìlà Àlàbí á di báyìí:

007,Àlàbí,3,182,5

Òpó mẹ́rin ló wà lórí àtẹ, ṣùgbọ́n ohun márùn-ún ló ti wà lórí ìlà yìí. Ẹ̀rọ á mú 182 bíi kílò, á sì ti 5 sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bẹ́ẹ̀ náà ni á ṣe fún Ìdòwú. Àpapọ̀ á di 543. Kílò kan ti lọ lára àgbẹ̀ mẹ́ta péré, ẹ̀rọ kò sì ní pariwo. Tí ìlà bá pọ̀, àdánù á pọ̀. Àṣìṣe tó dákẹ́ burú ju èyí tó pariwo lọ. Torí náà, kọ́mà olórí ló yẹ wá.

Èkejì: òdo tó wà níwájú. 007 àti 7 dọ́gba nínú ìṣirò. Ṣùgbọ́n nọ́mbà ọmọ ẹgbẹ́ kì í ṣe ìṣirò, orúkọ ni. Irinṣẹ́ csv inú Python kì í fọwọ́ kan òdo, bí a ṣe kọ ọ́ ló ń mú un wá. Àwọn irinṣẹ́ mìíràn, bíi Excel àti pandas, máa ń rò pé iye ni, wọ́n á sì gé òdo náà dànù tí a kò bá kìlọ̀ fún wọn.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá gan-an ní Bẹ̀nẹ̀. Láti ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 2024, nọ́mbà tẹlifóònù wa ti kúrò ní ẹyọ mẹ́jọ, ó ti di mẹ́wàá. Wọ́n fi 01 sí iwájú gbogbo rẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá gé òdo náà, ẹyọ mẹ́sàn-án ló kù. Nọ́mbà náà kò pé mọ́. Tí a bá fẹ́ fi owó òwú ránṣẹ́ sórí rẹ̀, kò ní lọ.

Ẹ̀kẹta: àmì orí lẹ́tà. Ẹ wo utf-8 nínú àṣẹ wa. Ìlànà kíkọ lẹ́tà ni. Ó gba ẹ, ọ, ṣ àti àmì ohùn wa. Tí a bá fi utf-8 kọ fáìlì, tí ẹlòmíràn sì fi ìlànà àtijọ́ ṣí i, é lè di Ã©. Ṣadé kò ní mọ orúkọ ara rẹ̀ mọ́.

BÁWO NI A ṢE Ń KỌ ỌMỌ ẸGBẸ́ TUNTUN SÍ I?

Rẹ̀mí gbé àpò kan wá, ó wọn kílò 60 àti ààbọ̀. Àṣẹ rẹ̀ nìyí:

import csv
with open("owu.csv", "a", encoding="utf-8", newline="") as iwe:
    akowe = csv.writer(iwe, delimiter=";")
    akowe.writerow(["023", "Rẹ̀mí", "1", "60,5"])

Ẹ wo lẹ́tà a tó tẹ̀lé orúkọ fáìlì. Ó ní: kọ ọ́ sí ìparí, má fọwọ́ kan ti tẹ́lẹ̀. Tí ẹnì kan bá fi w síbẹ̀, ẹ̀rọ á kọ́kọ́ nu gbogbo ohun tó wà nínú fáìlì kúrò. Àlàbí, Ṣadé àti Ìdòwú á pòórá, Rẹ̀mí nìkan ló máa kù, kò tilẹ̀ ní sí orí àtẹ. Ẹ̀rọ kò ní béèrè pé «Ṣé ó dá yín lójú?» Lẹ́tà kan ṣoṣo lè pa iṣẹ́ oko ọdún kan rẹ́. Torí náà, ẹ ní ẹ̀dà fáìlì méjì, kí ọ̀kan wà níbòmíràn. Ẹ má sì sọ ìwé ọwọ́ nù.

BÍ A ṢE LÈ YẸ ÀTẸ WÒ

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ẹni tí kò mọ Python náà lè yẹ àtẹ wò. Ẹ ní kí akọ̀wé ṣí fáìlì náà pẹ̀lú irinṣẹ́ ìkọ̀wé lásán, èyí tí Faransé ń pè ní Bloc-notes. Lẹ́yìn náà:

– Ẹ ka iye ìlà, yàtọ̀ sí orí àtẹ. Ṣé ó bá iye àwọn tó wọn òwú mu?
– Ẹ ka kọ́mà olórí lórí ìlà kọ̀ọ̀kan. Òpó mẹ́rin ní kọ́mà olórí mẹ́ta. Bí ó bá lé tàbí dín, àṣìṣe wà níbẹ̀.
– Ẹ wo òdo iwájú. Ṣé ó pé?
– Ẹ fi ọwọ́ ro òpó kílò. Ṣé ó bá ìwé ọwọ́ àti ohun tí ẹ̀rọ sọ mu?

Kọ̀ǹpútà yára ju ọwọ́ lọ, ṣùgbọ́n kò mọ òwú, kò sì mọ Àlàbí. Ohun tí a bá kọ fún un ló ń kà. Bí wọ́n bá sọ fún yín pé kọ̀ǹpútà ló sọ ọ́, ẹ dáhùn pẹ̀lú sùúrù: «Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká jọ ka fáìlì náà.»

ÌBÉÈRÈ FÚN KÍLÁÀSÌ

1. Kí ni ìlà? Kí ni òpó?
2. Kí ló dé tí kọ́mà olórí fi yẹ wá ju kọ́mà lásán lọ?
3. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín a àti w?
4. Lẹ́yìn tí Rẹ̀mí dé, kílò mélòó ni gbogbo rẹ̀? Ẹ fi ọwọ́ rò ó.
5. Ẹ fa àtẹ ìwọ̀n ẹgbẹ́ tiyín sínú ìwé. Ẹ wá kọ ọ́ bí fáìlì, pẹ̀lú kọ́mà olórí.